Ọkọ̀ Ńlá, Èbúté Jíjìn àti Etíkun Ìlàjẹ

Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu irú ọkọ̀ tí èbúté kan lè gbà: bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó, bí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó, àti bí wáàfù, ìyẹn pèpéle tí a mọ sí etí omi kí ọkọ̀ lè fara tì í, ṣe gùn tó. Bí ọkọ̀ bá ń tóbi sí i tí èbúté kò sì yí padà, àfi kí ọkọ̀ náà dúró sójú agbami kí ọkọ̀ kéékèèké máa lọ kó èrò àti ẹrù inú rẹ̀ wá sí èbúté, tàbí kí ó kọjá lọ sí ìlú mìíràn tí ó ti tún èbúté tirẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn erékùṣù Kàríbíà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí oúnjẹ òòjọ́ lára àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, fi ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ omi wọn tí wọ́n sì ń fa wáàfù wọn gùn láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ó ń gbé ní Ìkọ̀yà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti pinnu láti kọ́ èbúté òkun jíjìn sí etíkun Ìlàjẹ, àwọn Ìlàjẹ sì ni aládùúgbò Ìkálẹ̀ tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tí wọ́n jọ ń fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì jọ wà ní ẹkùn ìdìbò gúúsù Oǹdó kan náà. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo wọn mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni pé èbúté tí a gbẹ́ fún ọkọ̀ ńlá kì í mọ sí ibi tí a kọ́ ọ sí; ó máa ń yí ọ̀nà tí òkun ń gbà pín iyanrìn padà, ní etíkun tiwa, ẹni tí ó sì máa ń san gbèsè ìyípadà náà ni ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìhà ìlà-oòrùn èbúté, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n ń bu ọwọ́ lu ìwé iṣẹ́.

Ìwọ̀n àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ òde òní ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó yé ènìyàn. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í ṣe ọkọ̀ tí ń gbé èrò láti ìlú kan dé ìlú kejì. Ilé ìtura tí ń rìn lórí omi ni, tí èrò inú rẹ̀ ń sùn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń wo eré nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó padà wọlé. Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, gùn tó mítà 365, ó sì lè gba èrò tí ó lé ní 7,000, láìka àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lé ní 2,000. Àwọn àgbà Yorùbá tí wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 kò ní gbàgbé MV Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tí ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní ọdún 1951, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Accra àti Apapa, ń gbé èrò láàárín Liverpool àti Èkó, tí wọ́n ń yà ní Las Palmas, Freetown àti Takoradi, kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Àpápá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ ńlá ni ojú gbogbo ènìyàn rí Aureol sí nígbà náà, síbẹ̀ gígùn rẹ̀ kò ju bíi mítà 164 lọ, èyí tí kò tó ìdajì gígùn Icon of the Seas. Ní ọdún 1974, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ti gba gbogbo èrò lọ́wọ́ rẹ̀, Aureol fi ojú ọ̀nà yìí sílẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ èrò mìíràn tí ó rọ́pò rẹ̀ láàárín Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Bí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ṣe tóbi tó, kò rì wọ inú omi púpọ̀. Ìsàlẹ̀ Icon of the Seas fi díẹ̀ lé ní mítà 9 wọ inú omi, nígbà tí ọkọ̀ ńlá tí ń kó kọ̀nténà, tí ẹrù kún inú rẹ̀ dẹ́nu, lè wọ inú omi tó mítà 14, 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ènìyàn àti àwọn yàrá òfìfo kò wúwo tó irin, símẹ́ǹtì àti ẹ̀rọ. Nítorí náà, èbúté tí a gbẹ́ fún irú ọkọ̀ ẹrù bẹ́ẹ̀ ti jìn tó fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ èyíkéyìí láyé; ohun tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń béèrè ni wáàfù tí ó gùn, àyè gbígbòòrò tí yóò ti yí ara rẹ̀ padà, omi tí kò ru, àti ìlú tí ó wu ènìyàn láti sọ̀ kalẹ̀ sí. Àwọn erékùṣù kéékèèké tí kò ní ẹrù púpọ̀ láti kó ni wọ́n ní láti gbẹ́ èbúté nítorí ọkọ̀ ìgbafẹ́ nìkan.

Ní Falmouth ní Jàmáíkà, ìlú tí òwò ṣúgà àti òógùn àwọn ẹrú sọ di ọlọ́rọ̀ nígbà kan, àjọ tí ń bójú tó èbúté orílẹ̀-èdè náà àti ilé-iṣẹ́ Royal Caribbean pawọ́ pọ̀ kọ́ èbúté kan tí ó ṣí ní ọdún 2011, kí ọkọ̀ Oasis of the Seas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí ibi gúnlẹ̀ sí. Kí wọ́n tó lè ṣe é, wọ́n ní láti gbẹ́ abẹ́ omi níbi tí àpáta iyùn wà, ìyẹn àpáta tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ń mọ díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí ẹja ń sá pamọ́ sí, tí ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì kí ó tó dé èbúté. Ọkọ̀ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Falmouth ti ráhùn léraléra pé inú ọgbà tí wọ́n mọ yí wáàfù ká ni ọ̀pọ̀ nínú èrò ọkọ̀ ń ná owó wọn sí, tàbí kí bọ́ọ̀sì gbé wọn gba àárín ìlú kọjá lọ sí ibòmíràn. Erékùṣù Cayman yan ọ̀nà tirẹ̀. Olú-ìlú rẹ̀, George Town, kò ní wáàfù tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ lè fara tì, ọkọ̀ kéékèèké ni ó sì ń kó èrò wá sí ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi jiyàn lórí bóyá kí wọ́n gbẹ́ etíkun náà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn olùdìbò ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì ní àwọn kò fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé wọ́n ṣe àṣìṣe, kò lè sọ pé wọn kò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó kàn.

Lílọ láti inú ọkọ̀ ńlá bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré lójú agbami kì í ṣe ohun àjèjì sí Èkó. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òkìtì iyanrìn kan sùn sábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà Èkó, níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, omi orí rẹ̀ kò sì jìn ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Òkìtì náà kì í tilẹ̀ dúró sójú kan, bí òkun bá ṣe ru sí ni ó ń yí ipò padà. Ọkọ̀ ńlá láti Yúróòpù kò jẹ́ dán an wò. Forcados, ní agbègbè Delta, ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké tí yóò tún padà gba ojú òkun wá sí Èkó, tí ó sì gbọ́dọ̀ kọjá níwájú gbogbo etíkun Ìlàjẹ kí ó tó dé. Èrò tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lójú agbami ń jókòó sínú àga onígi kan tí wọ́n fi okùn sọ̀ láti inú ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré, nígbà tí ìgbì ń gbé àwọn méjèèjì sókè sódò. Àwọn oníṣòwò Èkó kò yé ráhùn, nítorí owó tí wọ́n ń ná lórí gbígbé ẹrù lẹ́ẹ̀mejì pọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wá le sí i nígbà tí rélùwéè tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí kòkó, ekùrọ́ àti epo pupa ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn bọ̀ láti òkè.

Láti bí ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn, lábẹ́ Gómìnà Walter Egerton, ti dojú ìjà kọ òkìtì iyanrìn yìí pẹ̀lú ohun èlò méjì. Èkíní ni ọkọ̀ agbẹ́yanrìn, ìyẹn ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ tí ń fa iyanrìn láti abẹ́ omi tí yóò sì lọ dà á nù lókèèrè. Wọ́n sọ ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ gómìnà náà. Èkejì ni odi òkúta, tí wọ́n nà láti etí ilẹ̀ wọ inú òkun ní ìhà méjèèjì ẹnu ọ̀sà, kí omi ọ̀sà tí ń jáde lè gba ojú kan pàtó, kí agbára rẹ̀ sì lè máa gbá iyanrìn kúrò lójú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi ṣe odi náà kò sí ní Èkó. Láti ibi ìfọ́kùúta ní Àró lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni rélùwéè ti ń kó o wá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ti ń gba ẹnu ọ̀sà wọlé tààrà, ọjọ́ ògo Forcados sì ti ń lọ sópin. Wáàfù àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ńlá ní Àpápá ṣí ní ọdún 1926. Àjọ NPA tí ń bójú tó èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1955. Ní 1975, nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ símẹ́ǹtì tò sójú agbami Èkó tí wọn kò rí àyè wọlé, ìjọba rí i pé Àpápá nìkan kò tó mọ́, wọ́n sì kọ́ èbúté Tin Can Island, tí ó ṣí ní ọdún 1977.

Kò sí àní-àní pé odi òkúta yìí ni ó sọ Èkó di ohun tí ó dà lónìí. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà, ìtàn ohun tí ó gbà yìí ni àwọn ìwé ìròyìn kì í sábà so mọ́ ìtàn èbúté, bí ẹni pé òkun kan ṣàdédé bínú sí Erékùṣù Victoria ni. Ìgbì tí ó ń wá sí etíkun wa kì í dojú kọ ilẹ̀ gbọọrọ. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń wá, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ lu ilẹ̀. Bí ó ti ń lù ú bẹ́ẹ̀, ó ń ti iyanrìn síwájú díẹ̀díẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, bí ẹni tí ń gbá àgbàlá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì láìsinmi, tọ̀sán tòru, láti Gáná gba Tógò àti Benin wá sí Èkó. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé iyanrìn tí ń kọjá ojú kan lọ́dọọdún ní etíkun Èkó tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù sí mílíọ̀nù kan kúbíìkì mítà, kúbíìkì mítà kan sì jẹ́ ohun tí yóò kún inú àpótí tí ó ga ní mítà kan, tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan. Níwọ̀n ìgbà tí iyanrìn tí ń dé bá ṣe déédé pẹ̀lú èyí tí ń lọ, etíkun kì í yẹ̀. Odi òkúta tí ó wọ inú òkun ni ó dá iyanrìn dúró. Èyí tí ó yẹ kí ó kọjá lọ sí ìlà-oòrùn kó ara jọ sí ẹ̀yìn odi ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní etíkun tí a ń pè ní Lighthouse Beach, ilẹ̀ sì ń gbòòrò níbẹ̀. Ìgbì ìhà kejì kò rí iyanrìn tuntun gbà, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun àtimáa kó èyí tí ó bá nílẹ̀ lọ.

Ìhà kejì yẹn ni Bar Beach, etíkun Erékùṣù Victoria. Láàárín ìgbà tí iṣẹ́ odi bẹ̀rẹ̀ àti ìparí àwọn ọdún 1950, òkun ti wọ ilẹ̀ ibẹ̀ tó ohun tí ó lé ní kìlómítà kan nítòsí odi náà. Àwọn ẹnjiníà ìgbà náà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ dájúdájú, nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sórí odi ìlà-oòrùn tí ń tu iyanrìn sí etíkun náà láti ọdún 1960 títí di nǹkan bí ọdún 1968. Iṣẹ́ gidi ni ẹ̀rọ yìí ṣe, ó sì jẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe pé kò sí àtúnṣe. Ohun tí kò sí ni ìfaradà láti máa ṣe é lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di pé kí omi kọ́kọ́ bo títì Ahmadu Bello kí ìjọba tó ra iyanrìn tuntun dà sí etíkun, èyí tí wọ́n ṣe léraléra láti àwọn ọdún 1970 wá, tí òkun sì ń kó gbogbo rẹ̀ lọ láàárín ọdún díẹ̀. Ìlú Eko Atlantic tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí òkun ti gbà, àti odi ńlá rẹ̀ tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà mẹ́jọ àti ààbọ̀, dáàbò bo Erékùṣù Victoria lónìí. Àmọ́ odi òkúta kì í pa ebi òkun, ó kàn ń darí rẹ̀ síwájú ni, àwọn ará Òkun-Alfa tí wọ́n wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ sì ti ń ké fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òkun ń gbé ilé àwọn lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìṣòro Èkó nìkan nìyí, kí ó wo ẹ̀yìn ibodè. Cotonou ṣí èbúté òkun jíjìn tirẹ̀ ní ọdún 1965, Lomé sì ṣí tirẹ̀ ní ọdún 1968. Ní ìlú méjèèjì, etíkun ìwọ̀-oòrùn èbúté gbòòrò, etíkun ìlà-oòrùn sì wó. Láti Lomé lọ sí Agbodrafo àti Aného, òkun gba ilé, gba ibojì, gba oko àgbọn, ó sì gba àwọn apá kan nínú ọ̀nà ọkọ̀ àtijọ́ tí ó lọ lẹ́bàá omi títí wọ́n fi ní láti la ọ̀nà mìíràn sẹ́yìn. Èbúté nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ìdídò Akosombo tí Gáná ṣe sórí odò Volta ní ọdún 1965 tún dá iyanrìn tí odò yẹn ń kó wá sínú òkun dúró, ọ̀dá náà sì dé bá àwọn tí wọ́n wà níwájú. Ó ti di dandan fún Tógò àti Benin báyìí láti máa fi owó tí Báńkì Àgbáyé ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú, lábẹ́ ètò ìdáàbòbò etíkun tí a ń pè ní WACA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, da iyanrìn padà sí etíkun wọn. Owó tí ó yẹ kí ó wà nínú ìṣirò èbúté láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń yá lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Gbogbo èyí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó bá ń gbọ́ nípa èbúté Oǹdó. Èbúté tí ó súnmọ́ Oǹdó jù lọ tí ó sì jìn tó ni ti Lẹ́kí ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16 àti ààbọ̀, tí wáàfù kọ̀nténà rẹ̀ sì gùn tó mítà 1,200. Ohun tí Lẹ́kí ṣe ni ó wu Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Gómìnà Rotimi Akeredolu, tí ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, fi ọ̀rọ̀ èbúté náà ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀, Lucky Aiyedatiwa tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ fúnra rẹ̀. Ìfẹ́ yìí kò burú rárá. Ìpínlẹ̀ tí ó ní etíkun tí ó gùn tó ti Oǹdó, tí kò sì ní èbúté òkun kan ṣoṣo, ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n etíkun Ìlàjẹ kì í ṣe etíkun Lẹ́kí. Iyanrìn tí ń ti Èkó bọ̀ kò dé ọ̀nà jíjìn mọ́ tí ó bá ti wọ ilẹ̀ Oǹdó, nítorí pé kòtò ńlá kan wà lábẹ́ òkun ní ìhà ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú iyanrìn náà ń bọ́ sí. Ní Aráròmí, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, iyanrìn funfun ṣì wà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí a bá ń lọ síwájú sí Ayétòrò àti Awóyè, ẹrẹ̀ ni etíkun, ẹrẹ̀ tí ó rọ̀, tí kò ní iyanrìn tí yóò gba ìgbì lára rẹ̀. Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ Aládùúrà tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé nítorí pé gbogbo ará ìlú jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì jọ ń pín èrè, ti pàdánù ọ̀wọ́ ilé lẹ́yìn ọ̀wọ́ ilé sọ́wọ́ òkun láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun tí ìjọba àpapọ̀ gbé síta láti ọdún 2004 kò sì gba ìlú náà sílẹ̀. Ní Awóyè, àwọn ojú omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo gbẹ́ jáde sí òkun jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú irà omi tútù, ó pa igi, ó pa ẹja, ilẹ̀ sì yọ̀ wọ inú omi. Kò tíì sí odi èbúté kankan níbẹ̀ tí èyí fi ṣẹlẹ̀.

Ẹrẹ̀ yìí ní ohun tí yóò ná ènìyàn. Òkúta tí ó jókòó dáadáa sórí iyanrìn Lẹ́kí yóò máa rì lórí ẹrẹ̀ rírọ̀, àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ náà kúrò tàbí tí wọ́n bá fi iyanrìn àti ohun èlò mìíràn fún ìsàlẹ̀ rẹ̀ lágbára. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ tí a bá gbẹ́ sínú ẹrẹ̀ kì í pẹ́ kún padà, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn kò sì ní lè kúrò níbẹ̀ láéláé. Ọdọọdún ni owó yóò máa jáde bí ọkọ̀ bá pọ̀ tàbí bí kò bá pọ̀. Bí wọ́n bá sì tìtorí ẹrẹ̀ yan ìhà Aráròmí tí iyanrìn wà, odi tí wọ́n bá nà síbẹ̀ yóò dá ìwọ̀nba iyanrìn tí ó kù dúró, ìlú tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ àwọn tí òkun ti ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ìkálẹ̀ kò ní etíkun, ó sì rọrùn fún ọmọ Òkìtìpupa tàbí ọmọ Ìkọ̀yà láti rò pé èrè nìkan ni yóò kan òun. Èrè náà kò kéré, bí ó bá jẹ́ òótọ́. Bítúmẹ́nì, ìyẹn ọ̀dà dúdú tí a fi ń tẹ́ ọ̀nà ọkọ̀, wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Agbábù. Ilé-iṣẹ́ kan tí owó àwọn ará Jámánì wà nínú rẹ̀ ti gbẹ́ kànga láti wá a láàárín ọdún 1908 sí 1914 kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó lé wọn lọ, láti ìgbà náà sì ni ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn ti ń ṣèlérí lórí rẹ̀. Ọ̀pẹ pọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, igi gẹdú wà lókè, kòkó ń ti ìhà Oǹdó àti Ìdànrè wá. Ẹrù wọ̀nyí ń gba ojú ọ̀nà lọ sí Èkó báyìí. Kí ọ̀nà ọkọ̀ tó pọ̀, ojú omi ni àwọn àgbà ń gbà, láti Òkìtìpupa àti Igbókọ̀dà gba Àtìjẹ́rẹ́ wọ ọ̀sà Lẹ́kí títí dé Ẹ̀pẹ́ àti Èkó, ọ̀nà omi náà ṣì wà níbẹ̀ tí kò béèrè ju kí wọ́n gbá koríko inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ ẹrù ni yóò bọ́ èbúté Oǹdó, bí ohunkóhun yóò bá bọ́ ọ.

Ní ti ọkọ̀ ìgbafẹ́, àwọn tí ń sọ pé arìnrìn-àjò yóò máa ya lulẹ̀ ní Ìlàjẹ ní láti wo Cotonou àti Lomé dáadáa. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ó ń gba etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá ń yà ní ìlú méjèèjì, Èkó sì ni ó sábà máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ èbúté Èkó gba ọkọ̀ ẹrù tí ó rì ju ọkọ̀ ìgbafẹ́ lọ. Ìjìnlẹ̀ omi kọ́ ni ìyàtọ̀ wọn. Èrò tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Cotonou lè dé Ganvié, ìlú orí omi, tàbí kí ó dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà ní Ouidah kí ó sì padà sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà, láìsí pé ọ̀rọ̀ físà tàbí ẹ̀rù ojú ọ̀nà dá a dúró. Badagry ní ìtàn kan náà, Ìlàjẹ ní àwọn ìlú orí omi bíi Ganvié, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú arìnrìn-àjò sọ̀ kalẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ ọkọ̀ agbẹ́yanrìn. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ arìnrìn-àjò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà Òkìtìpupa sí Igbókọ̀dà àti ààbò ojú omi, kò sì ní náwó tó owó èbúté rárá.

Ohun tí àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní láti jọ béèrè fún kí ẹnikẹ́ni tó ju òkúta kan sínú òkun ni kí wọ́n ti wọn bí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ṣe ń rìn ní etíkun náà fún ọdún púpọ̀, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí èsì rẹ̀ sì wà níta fún gbogbo ènìyàn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a fi orúkọ Olusegun Agagu sọ, tí ó wà ní Òkìtìpupa, wà nítòsí láti kópa nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ tí yóò máa tu iyanrìn kọjá odi sí ìhà ìlà-oòrùn, irú èyí tí Èkó lò fún ọdún mẹ́jọ tí ó sì jẹ́ kí ó dákẹ́, gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé àdéhùn pẹ̀lú owó tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí èbúté bá ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀. Bákan náà ni kí orúkọ àwọn ìlú tí ó wà ní ìlà-oòrùn ibi tí wọ́n bá yàn wà nínú ìwé náà, láti orí Ayétòrò dé Awóyè, kí ó hàn gbangba ẹni tí yóò san owó ilé wọn àti ibi tí wọn yóò kó lọ bí òkun bá gba ibẹ̀. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tí ilé wọn bá wó kì í lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan náà. Igbókọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, níbi tí wọn yóò ti béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ Ìkálẹ̀.